Ohun Tí Kámẹ́rà Bàbá Mi Máa Dúró Lé

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àkọ́kọ́ ni ti àgbọn tí ìyá mi ń sè títí yóò fi di òróró, òórùn dídùn tó máa ń jẹ́ kí ebi pa èèyàn kó tó la ojú tán. Èkejì ni ti oògùn tí bàbá mi fi ń fọ fọ́tò, òórùn kíkan bí ẹ̀kọ tó ti sùn mọ́jú, tó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé jáde wá bá wa lórí ẹní. Bí méjèèjì bá ti pàdé nínú imú mi, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé ìyá àti bàbá mi wà nílé, àti pé wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn.

Abúlé wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ajah. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ mọ apá ibẹ̀ nígbà náà ò nílò àlàyé púpọ̀. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀. Yanrìn ní àgbàlá, yanrìn ní kíláàsì, yanrìn nínú gààrí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Bí a bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn ẹbí wa ní Igbó Ẹfọ̀n, ẹsẹ̀ wa á máa rì sínú rẹ̀ títí ìrìn náà yóò fi di ìlọ́po méjì. Àwa ọmọdé fẹ́ràn yanrìn yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀tá bàbá mi ni.

Fọ́tò ni bàbá mi ń yà. Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì dídán. Nígbà tó gba ìyọ̀ǹda, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá sílé: àpótí onígi ńlá kan, aṣọ dúdú tó máa ń fi bo orí, àti ẹsẹ̀ onígi mẹ́ta tí wọ́n fi irin ṣóńṣó sí lẹ́nu. Lórí sìmẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn dúró bí ọlọ́pàá. Lórí yanrìn tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rì bó ṣe wù ú. Bàbá mi á tò wọ́n dáadáa, á wọ abẹ́ aṣọ dúdú, á ní kí ẹni tó ń yà má mí. Níbi tí onítọ̀hún ti ń há èémí mọ́ra, ẹsẹ̀ kan á ti rọra wọlẹ̀.

Bí fọ́tò bá wá jáde, gbogbo igi àgbọn á máa foríbalẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó á dà bí ẹni tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà láti Ajah títí dé Lẹ́kkí, ẹ ò lè rí òkè kankan. Ọ̀sà tó wà lẹ́yìn wọn á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọbẹ̀ tó fẹ́ dà nù.

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nípa ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn. Á ní, "Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù." Ìyá mi kì í jẹ́ kó sọ ọ́ lọ láìdáhùn. Á ní, "Òótọ́ ni, Bàbá Sìkírá. Ṣùgbọ́n èmi gbẹ́lẹ̀ kí n tó ri ààrò tèmi mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ń kọ́?" Lọ́jọ́ kan bàbá mi gbẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ihò mẹ́ta fún ẹsẹ̀ mẹ́ta. Omi ọ̀sà sun sínú wọn, ọmọ akàn kan sì jáde láti inú ọ̀kan. Ìyá mi kàn mú akàn náà lọ sí ilé ìdáná.

A bá máa bá wíwọ́ yẹn yí bẹ́ẹ̀ ni, bí kì í bá ṣe ti Baálẹ̀. Nígbà Iléyá, Baálẹ̀ wọ agbádá, ó jókòó sétí omi, bàbá mi yà á. Nínú fọ́tò náà, Baálẹ̀ fì sápá òsì, síbi tí omi wà. Inú rẹ̀ dùn sí i bẹ́ẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi ìkómọ kan, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó sì ṣubú sínú ọ̀sà tòun tagbádá. Omi ibẹ̀ ò dé ìbàdí ọmọdé. Fìlà rẹ̀ nìkan ló lọ síbi tó jìn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn padà lọ wo fọ́tò ara ògiri, wọ́n sì rí i pé apá òsì náà ló ṣubú sí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan rántí pé àtíbàbà òun fì nínú fọ́tò kí ìjì tó gbé òrùlé rẹ̀. Ẹlòmíràn gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó mi orí. Wọ́n ní fọ́tò bàbá mi máa ń sọ ibi téèyàn máa ṣubú sí. Kò sẹ́ni tó tún wá yà. Orúkọ bàbá mi di Fọ́tò Wíwọ́. Nílé ẹ̀kọ́, bí mo bá ti wọlé, àwọn ẹgbẹ́ mi á tẹ ọrùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kí mi. Tíṣà wa pàápàá, nígbà tí mo fa ìlà sórí síléètì tí kò tọ́, wò ó títí, ó ní, "Sìkírá, ìlà ilé yín nìyí?" Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún ìyá mi pé òun máa lọ wáṣẹ́ ẹrù gbígbé ní wọ́ọ̀fù, pé òun á máa wálé bí oṣù bá parí. Ìyá mi jókòó ti ìkòkò òróró rẹ̀ títí òróró náà fi jó, òun tí kì í jẹ́ kí òróró jó.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà ni Ìyá Rábì, ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀. Òun ló dàgbà jù ní abúlé wa nígbà yẹn, obìnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá sílé wa fúnra rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn.

Ó ní, "Fọ́tò, wọ́n ní o ti àbúrò mi sómi."

"Mi ò tì í, Ìyá. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà ló rì."

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rì ni, àbí ọwọ́ rẹ ni ò mọṣẹ́?"

Bàbá mi wolẹ̀. Ìyá Rábì jókòó sórí àpótí tí ìyá mi gbé fún un, ó sinmi kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Mi ò ya fọ́tò rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, màá wá jókòó síbi tí àbúrò mi jókòó sí gan-an, kí gbogbo èèyàn rí mi. Bí mo bá dúró ṣánṣán nínú ẹ̀, màá bá ọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí mo bá fì, kó o gbé àpótí yẹn lọ sílùú mìíràn. Èmi ò lágbára àtilúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ogbó."

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo la ń wá nílé wa: ohun tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà máa dúró lé tí kò fi ní rì, tó sì máa tẹ́jú. Bàbá mi rántí bí àwọn bíríkìlà tó kọ́ mọ́ṣáláṣí ṣe ń mọ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó rọ omi sínú ìgò oògùn kékeré kan, kò jẹ́ kó kún, ó dé e, ó sì dá a dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ roboto kan wà nínú rẹ̀ bí ẹyin aláǹgbá. Bí nǹkan bá tẹ́jú, ẹyin yẹn á dúró láàárín. Bí kò bá tẹ́jú, á sá lọ sí apá tó ga. Èmi ni mo máa ń dojú délẹ̀ wò ó, tí màá sì máa ké ibi tó bá sá lọ. Iṣẹ́ yẹn wù mí ju iṣẹ́ àmúrelé lọ.

Agolo mílíìkì la kọ́kọ́ dán wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Agolo rì pẹ̀lú ẹsẹ̀. Bàbá mi wá ronú kan ọlọ ata. Ọ̀kan la ní nílé, ó sì lọ yá méjì lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ọlọ ò rì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ata ọjọ́ pípẹ́ ti gbẹ́ inú wọn, ẹsẹ̀ kámẹ́rà sì ń yọ̀ lọ sínú kòtò bí ọmọ tó rí àkàrà. Bàbá mi fọwọ́ pa ojú ọlọ láti mọ ibi tó jìn jù, ó tún fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn parí síbẹ̀. Ìyá mi ló fi omi bọ́ ọ lójú, ó ń rọra sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà," tó sì ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó dojú odó dé, ó gbé kámẹ́rà lásán kà á láìsí ẹsẹ̀. Odó dúró gbọn-in. Àmọ́ ó kúrú débi pé orúnkún èèyàn nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Ìyá mi ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja dé, ó bá odó rẹ̀ tó dojú délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sìkírá, ṣé orúnkún Ìyá Rábì lẹ fẹ́ yà ni? Orúnkún yẹn ò dára." Bàbá mi dá odó padà. Pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó la gbé wá lẹ́yìn ìyẹn. Ó gùn, ó nípọn, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, ó sì ń mì sọ́tùn-ún mì sósì lórí yanrìn bí ẹni tó ṣì rò pé orí omi lòun wà. Ẹyin aláǹgbá inú ìgò sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún títí ojú fi ń ro mí.

Nígbà tó fi di Alámìsí, bàbá mi ò dán ohunkóhun wò mọ́. Ó jókòó ti kámẹ́rà rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún. Kì í sì í nù ún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo lọ sí ṣálángá. Ṣálángá wa gbayì ládùúgbò. Nígbà tí wolé-wolé ń bọ̀ wá yẹ abúlé wò ni bàbá mi kọ́ ọ, ó sì bẹ káfíńtà kó fi pákó tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí kan ilẹ̀kùn fún un. Àwọn ilé tó kù, páànù àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń lò. Mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀kùn tó wà níwájú mi bí mo ṣe ń wò ó lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní òkè, ní ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe tín-ínrín. Kò sí nǹkan mìíràn nílé wa tó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo sáré jáde lọ bá bàbá mi. "Bàbá mi, ilẹ̀kùn ṣálángá tọ́."

Ó dìde, ó lọ wò ó, ó fọwọ́ gbá a. Ìyá mi ti ilé ìdáná dé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Ilẹ̀kùn ṣálángá, Bàbá Sìkírá? Níwájú Ìyá Rábì?"

"Ojú kámẹ́rà ò ní rí i. Abẹ́ ẹsẹ̀ ló máa wà."

"Gbogbo abúlé á rí i."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ta ló ń lọ sí ṣálángá ẹlòmíràn lọ wo ilẹ̀kùn?"

Ó yọ ọ́. Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó máa gbé e kọjá iwájú ilé òun láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, a sì fi ọṣẹ dúdú àti èèpo àgbọn gbo ó títí pákó náà fi funfun. A tẹ́ ẹ sétí ọ̀sà. Bàbá mi gbé kámẹ́rà lé e lórí, ó fi ìgò lélẹ̀, èmi sì dojú délẹ̀. Ẹyin sá sápá omi. Bàbá mi wa yanrìn díẹ̀ sábẹ́ igun kejì. Ẹyin rìn padà. Ó tún wa díẹ̀ sí i. Ẹyin dé àárín, ó dúró. Bàbá mi fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti dán an wò. Ẹyin ò mira. Mo rí eyín bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, ó ti pẹ́ tí mo rí i kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrun, gbogbo abúlé dé. Wọ́n dúró sí òkèèrè, torí ẹnì kan ti sọ pé ẹni tó bá sún mọ́ kámẹ́rà á fì. Baálẹ̀ náà wá, àmọ́ kò sún mọ́ etí omi rárá. Ìyá Rábì ló wá kẹ́yìn, ó wọ àdìrẹ tó dúdú bí alẹ́, ó wé gèlè kékeré kan. Ó jókòó. Ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ìyá mi sì yára fi agolo mílíìkì àti àfọ́kù páànù tì í lábẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Bàbá mi wọ abẹ́ aṣọ dúdú.

Ìyá Rábì wá gbé ọwọ́ sókè. "Fọ́tò, dúró ná. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kékeré kan."

Gbogbo wa la mọ nǹkan kékeré tí àgbàlagbà máa ń ṣe.

Ìyá mi rìn sún mọ́ ọn. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé yín."

"Ilé mi jìn. Ṣebí ẹ ní ṣálángá níbí? Ìyẹn tí wolé-wolé yìn."

"A ní in, Ìyá. Kò kàn ní ilẹ̀kùn lónìí ni."

"Ibo ni ilẹ̀kùn lọ?"

Ìyá mi wo bàbá mi. Orí bàbá mi wà lábẹ́ aṣọ, kò sì yọ ọ́ jáde. Ìyá mi wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Ìyá Rábì tẹ̀ lé ojú mi dé ibi tí mò ń wò, ó rí pákó funfun náà, ó rí àgádágodo kékeré tó ṣì wà lára rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Sìkírá, kí nìyẹn?"

Mo ní, "Ilẹ̀kùn ṣálángá wa ni, Ìyá. Òun nìkan ló tọ́ nílé wa."

Lẹ́yìn náà ni èjìká Ìyá Rábì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó ti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún wá, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó la ẹnu tí kò léyín mọ́ sílẹ̀, ó ní, "Èmi Rábíátù, tí mo gbáyé títí eyín mi fi tán, ilẹ̀kùn ṣálángá ló wá máa mú mi dúró ṣánṣán." Ẹ̀rín náà ran àwọn tó wà lókèèrè. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé, ó rìn dé etí omi. Láàárín ariwo yẹn ni mo gbọ́ tí kámẹ́rà ṣe "kán."

Bàbá mi yọ orí jáde, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó fọ́ àwo. Ní ayé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Òun gan-an ló máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n panu dé. Ó ní ọwọ́ òun ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òun.

Àwọn obìnrin fi ìró wọn yí Ìyá Rábì ká lọ sí ṣálángá aláìnílẹ̀kùn. Nígbà tó padà dé, ó tún jókòó, ó tún gèlè ṣe. Ó ní, "Ó yá."

Bàbá mi ní, "Mo ti yà á, Ìyá. Ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Fíìmù tí mo ní ò ju ẹyọ yẹn lọ."

Ìyá Rábì ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Pẹ̀lú ẹnu mi báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé láìdágbére.

Bàbá mi fọ fọ́tò náà. Lọ́jọ́ kejì, ó wé e sínú bébà, èmi àti rẹ̀ sì gbé e lọ. Ìyá Rábì kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀, bàbá mi sì fi ọ̀wọ̀ yí i padà fún un. Ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀. Ọ̀sà ló kọ́kọ́ wò. Ó fi ìka tọ ìlà omi láti etí kan dé etí kejì. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan.

Ó ní, "Omi ò dà."

Ó wá wo obìnrin tó jókòó síwájú omi. Ó pẹ́ gan-an tó ń wò ó. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀rín, Ìyá Rábì fi ọwọ́ dá a lẹ́kun.

"Ìyá mi rèé," ló wí. "Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyí. Ọmọge ni mí nígbà tó kú. Mo ti gbàgbé ojú rẹ̀ pátápátá."

Kò gbé e kọ́ sára ògiri bíi ti àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló gbé e sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri pé kò sí fọ́tò tó tọ́ bíi tòun láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó, àwọn èèyàn sì padà dé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wọ́n ya àwọn náà "lórí ilẹ̀kùn." Bàbá mi ò tún dárúkọ wọ́ọ̀fù mọ́. Páànù ló fi dí ẹnu ṣálángá. Orúkọ rẹ̀ di Fọ́tò Onílẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì ò tẹ ọrùn mọ́. Imú ni wọ́n ń dì bí mo bá wọlé, ṣùgbọ́n ọrùn wọn dúró ṣánṣán, ìyẹn sì tó mi.

Ohun kan wà tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí Ìyá Rábì ti lọ tí èrò ti tú ká, tí a ò tíì mọ bí fọ́tò ṣe máa rí, bàbá mi na ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí pákó náà létí ọ̀sà, ó sì sùn. Ìyá mi ta aṣọ dúdú bò ó nítorí oòrùn, ó ní ká má jí i. Mo jókòó tì í, mo ń fi yanrìn ṣeré, mo sì rò pé oòrùn ló rẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ̀ pé fọ́tò máa dáa, nítorí bàbá mi ló yà á, bàbá mi sì mọ gbogbo nǹkan.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ gan-an. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, tó ní ìyàwó àti ọmọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kù díẹ̀ kó bọ́. Mo ti rí ọ̀sẹ̀ bíi tirẹ̀ yẹn láyé tèmi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀rù ló rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe oòrùn. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà máa ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ mi á sì máa ṣeré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á máa sọ fún ara wọn pé kí wọ́n rọra pariwo, pé oòrùn ló mú màmá àwọn.